Ẹ mú orin kan ṣoṣo: Sunny Adé láti 1985 títí di òní

BàbáÌbejì_Kubwa | Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àná la lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan níbí ní Kubwa, àwọn ọ̀dọ́ eléré kan ló wá ṣeré fún wa. Iṣẹ́ yé wọn. Onígángan wọn ki bàbá ọmọ títí ọkùnrin náà fi dìde lórí àga, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ nínú gbogbo orin Sunny Adé tí wọ́n kọ láti aago méjì títí di mẹ́fà, kò sí ìkankan tó kọjá 1983. "Ja Funmi", "Synchro System", "Mo Beru Agba", wọ́n tún padà sórí "Ja Funmi". Nígbà tí wọ́n jókòó láti jẹun, mo sún mọ́ olórí wọn, mo bi í bóyá ó mọ nǹkan kan nínú àwo Odù. Ó ní òun ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ọmọ dáadáa ni, kò purọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Bí èèyàn bá ti dárúkọ Sunny Adé, ọdún mẹ́ta péré ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn: 1982, 1983, 1984, ìgbà tó wà lọ́dọ̀ Island, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù òyìnbó nì. Àwo mẹ́ta: Juju Music, Synchro System, Aura. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àwọn yẹn. Àmọ́ ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni ọkùnrin yìí nígbà tí òun àti Island pínyà! Ṣé ó wá ká gìtá kọ́gi látìgbà náà ni?

Òfin ọ̀rọ̀ yìí rèé: 1985 sókè. Orin kan ṣoṣo. Kí ẹ sì sọ ohun tó mú yín mú un.

Tèmi ni "Jigi Jigi Isapa", òun ló ṣáájú nínú Odù, 1998. Ó ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta lọ́dún yẹn. Ó lè ní kí òun máa bá àwọn ọmọdé du ariwo, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà sídìí orin àtijọ́, àwọn èyí tí wọ́n ti ń kọ kí iná mànàmáná tó dé ìgboro wa. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá, bí ẹni jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ lórí ẹní tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀ ni, àwọn ẹlẹ́gbè á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni gba ìkòkò gbígbóná. Àwo yẹn dé ibi tí wọ́n ti ń yan àwọn tí yóò gba Grammy, bí Synchro System náà ṣe dé ibẹ̀ ṣáájú. Bí kò tiẹ̀ dé ibẹ̀, ipò tí màá fi í sí nìyẹn.

Ó yá, ẹ máa bọ̀.

Gìtá_Lugbe | 9:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ la ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀.

Gìtá ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lugbe, jùjú ni mo sì fi kọ́ iṣẹ́. Odù dáa, àmọ́ orin inú sítúdíò ni, gbogbo ẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n sì dá a dúró níbi tí ara ti ń yá. Èmi ó mú Live Live Juju, 1988. Orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá ta gìtá jùjú rí lè máa rò pé ẹni tó wà níwájú nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ẹni tó ń ta gìtá tẹ́nọ̀. Ìró mẹ́rin, márùn-ún kan náà ló máa ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ fà, kò gbọdọ̀ dárà kankan. Mo ti ṣe é níbi òkú àgbà kan ní Nyanya, ogójì ìṣẹ́jú láìdúró. Nígbà tá a fi máa parí, àtàǹpàkò mi ti wú, mi ò lè fi di ṣíbí mú. Tẹ́nọ̀ yẹn nilẹ̀ tí gbogbo àwọn yòókù ń jó lé lórí. Tó bá jẹ́ orí ìtàgé, tí kò sí ẹni tó fẹ́ gé orin kúrú, ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ bí gìtá kan ṣe ń bi èkejì ní ìbéèrè, tí èkejì ń dá a lóhùn, tí ẹ̀kẹta á sì já lu ọ̀rọ̀ wọn.

BàbáÌbejì_Kubwa | 9:09 alẹ́

Àbúrò, o ò tíì mú orin. Àwo odindi lo gbé sílẹ̀. Orin kan ṣoṣo ni mo ní.

Gìtá_Lugbe | 9:11 alẹ́

Mo mọ̀, sà. Ẹ fún mi láyè.

ỌmọSabonGari | 9:20 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Kánò ni wọ́n bí mi sí, ní Sabon Gari, àárín àwọn ará Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo dàgbà sí. Tèmi kò le: "Ase", Stevie Wonder ló fun hàmóníkà níbẹ̀.

Bàbá mi ní rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn. Ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń rí ní Kánò, erùpẹ̀ á wọ inú àpótí, á wọ abẹ́ àwo. Owó kọ́bọ̀ kan ni bàbá mi máa ń gbé lé apá ẹ̀rọ náà kí abẹ́rẹ́ má baà máa fò. Kọ́bọ̀ yẹn kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi kú. Tí hàmóníkà yẹn bá wọlé, bàbá mi á gbọ́wọ́ sókè pé kí gbogbo wa dákẹ́. A kì í sì sọ̀rọ̀.

BàbáÌbejì_Kubwa | 9:24 alẹ́

Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Orin tí ẹ mú ga. Àmọ́ inú Aura ló wà, 1984 ni Aura sì jáde. Mo ní 1985 sókè.

ỌmọSabonGari | 9:27 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, nítorí ọdún kan ṣoṣo? Aura ló gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ Island, òun náà ni wọ́n ti kó àwọn ẹ̀rọ tó ń lùlù bí èèyàn wọlé. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kò jọ Juju Music mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí baba ṣe yà sójú ọ̀nà tuntun, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Gìtá_Lugbe | 9:30 alẹ́

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn ẹ̀rọ yẹn gan-an ni mi ò fi mú un. Ẹgbẹ́ tó ní gángan bíi mélòó kan, ta ló ń wá ìlù ẹ̀rọ?

BàbáÌbejì_Kubwa | 9:33 alẹ́

Òfin ni òfin. Ẹ wá òmíràn, mo mọ̀ pé ẹ ní in.

Alhaja_TudunWada | 9:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìgbà tí mo ti kírun tán. Ọkùnrin ni gbogbo ẹni tó ti sọ̀rọ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Wait for Me.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní 1989 tí àwo yẹn jáde, ilé ìwòsàn kékeré kan níbí ní Kàdúná ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti Onyeka Onwenu ni wọ́n jọ kọ ọ́, wọ́n sì dìídì ṣe é nítorí ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni. Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó bá wọn dá ètò náà sílẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà ló sì fowó sí i. Orin méjì ló jẹ́ ti ètò náà. "Wait for Me" bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù. "Choices" bá tọkọtaya sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n jọ pinnu iye ọmọ tí agbára wọn ká.

"Choices" ni mo mú.

Kasẹ́ẹ̀tì kan la ní ní ilé ìwòsàn, rédíò tó ń lo òkúta la fi ń tàn án. Kí òkúta má baà tètè kú, bíró la fi ń yí kasẹ́ẹ̀tì padà, ẹ̀yin àgbà á rántí. Ọjọ́rú ni ọjọ́ àwọn aláboyún. Màá tan orin náà kí n tó sọ ohunkóhun. Obìnrin kan wà, ará ìlú wa ni, ìyá ọlọ́mọ méje, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé tó bá dìde, ó máa ń di ògiri mú. Ó gbọ́ orin yẹn, kò fèsì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó mú ọkọ rẹ̀ dání. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé láàárín obìnrin. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìyàwó mi ní kí n wá gbọ́ ohun tí Sunny Adé sọ." Mo tàn án fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí mo ti mọ ohun tí orin lè ṣe nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀ o. Àwọn àgbà kan bínú sí i, wọ́n ní kí ló kan olórin nínú iye ọmọ tí èèyàn bí. Wọ́n pè mí síbi ìpàdé ọmọ ìlú wa, wọ́n bá mi wí. Mo gbọ́ ọ, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ tí wọ́n kéde pé Onyeka ti kú, ìparí oṣù keje ọdún 2024, orin yẹn nìkan ni mo gbọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Gìtá_Lugbe | 10:02 alẹ́

Mà, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: ṣé jùjú ni? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì jọ ohun tí àwa onígìtá máa ń jókòó tì.

Alhaja_TudunWada | 10:08 alẹ́

Ọmọ mi, Sunny Adé ni. Ẹni tó ní àgbàdo ló mọ bóyá èkọ ni òun ó fi ṣe tàbí ògì. Àwọn tó wà níwájú mi ní Kàdúná, Yorùbá wà ńbẹ̀, Igbo wà ńbẹ̀, Gbagyi wà ńbẹ̀, ará Southern Kaduna wà ńbẹ̀. Tó bá fi Yorùbá kọ ọ́, àwa nìkan ni yóò gbọ́. Bàbáìbejì ní orin kan ṣoṣo láti 1985. Kò sọ pé kó jẹ́ jùjú.

Gìtá_Lugbe | 10:10 alẹ́

Ẹ ṣeun, mà. Mo gbà.

BàbáÌbejì_Kubwa | 10:12 alẹ́

Èmi náà gbà. Mo tiẹ̀ tijú pé mi ò rántí rẹ̀.

Tádé_Gwarinpa | 10:15 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ sà, ẹ kú alẹ́ mà. Àbújá ni wọ́n bí mi sí, 2001, Yorùbá mi ò jinlẹ̀ tó tiyín. Mo ń wá "Jigi Jigi Isapa" lórí fóònù báyìí. Kí ni ìṣápá?

Alhaja_TudunWada | 10:17 alẹ́

Ọmọ mi, o ti mu ún. Sobo tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá àti ìgò kiri gbogbo Àbújá yẹn, òdòdó ìṣápá pupa ni. Funfun rẹ̀ la fi ń se ọbẹ̀ nílé, pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Àwọn Hausa ń jẹ ewé rẹ̀ náà, yakuwa ni wọ́n ń pè é. Lọ bi ìyá rẹ.

Tádé_Gwarinpa | 10:19 alẹ́

Áà! Ẹ ṣeun, mà.

Ará_Minna | 10:22 alẹ́

Ẹ má gbàgbé Seven Degrees North, ọdún 2000. "Suku Suku Bam Bam" lèmi mú. Mi ò ní àlàyé púpọ̀: ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni, ẹsẹ̀ kò gbélẹ̀. Orúkọ àwo yẹn máa ń wù mí. Oǹdó, ìlú àwọn bàbá rẹ̀, wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá. Àbújá wà ní 9, Kánò ní 12. Àwa tá a wà lókè níbí, orin ilé ló ń wá wa kiri.

Àgbà_Jọ́ọ̀sì | 10:31 alẹ́

Mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin ọmọ, ìbéèrè yìí dáa, àmọ́ ẹ ti fi ọwọ́ òyìnbó mú un.

Kí Island tó dé, ta ló máa ń ní kí wọ́n mú orin kan nínú rẹ́kọ́ọ̀dù Sunny Adé? Ojú rẹ́kọ́ọ̀dù la máa ń mú. Ojú kìíní, ojú kejì. Ẹ ó gbé abẹ́rẹ́ sí i, orin á bẹ̀rẹ̀, á lọ bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, kò ní dúró. Láàárín rẹ̀ á yí ìlù padà, á kí èèyàn, á pa òwe, á tún gba ọ̀nà mìíràn, àmọ́ odò kan náà ni. Orúkọ mẹ́rin, márùn-ún lè wà lẹ́yìn páálí, kò sí ibi tí ẹ ti máa rí ààlà wọn. Nígbà tí Martin Meissonnier, ọmọ Faransé nì, bá wọn ṣe Juju Music ní 1982, ó ní láti gé e sí wẹ́wẹ́ kí àwọn ará Yúróòpù lè gbà á. Mi ò dá a lẹ́bi, ọjà ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gé yẹn ni Gìtá_Lugbe ń wá kiri láìmọ orúkọ rẹ̀. Òun ló gbé e lọ sórí Live Live Juju. Kì í ṣe pé kò gbọ́ òfin. Etí rẹ̀ mọ̀ pé jùjú kò ṣeé fi ọ̀bẹ gé.

Nítorí náà èmi mú èyí tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò tíì dárúkọ: Bábá Mo Túndé, 2010. Àwo méjì nínú páálí kan. Ọkùnrin náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọdún mẹ́wàá ti kọjá lórí Seven Degrees North. Orin tó fún àwo náà lórúkọ gùn bí ojú rẹ́kọ́ọ̀dù ayé àtijọ́. Ọjà òyìnbó náà ló gbé e lọ, lọ́tẹ̀ yìí kò jẹ́ kí wọ́n gé e.

Mo máa ń gbọ́ ọ láàárọ̀ kí oòrùn tó ran òkè, tí òtútù Jọ́ọ̀sì ṣì wà lára fèrèsé. Ẹ jókòó tì í. Ẹ má dìde lọ wá nǹkan ṣe.

Gìtá_Lugbe | 10:40 alẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ lẹ sọ yẹn. Àwọn tí mò ń kọ́ ní gìtá máa ń bi mí pé ìgbà wo ni orin yìí máa parí, mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn.

BàbáÌbejì_Kubwa | 10:44 alẹ́

Bàbá, mo júbà. Mo ní Bábá Mo Túndé lórí fóònù láti ọdún bíi mélòó kan, mi ò tíì gbọ́ ọ dópin lẹ́ẹ̀kan. Inú mọ́tò ni mo máa ń tàn án sí, Kubwa sí Wuse. Kí n tó dé, ìpè á wọlé, tàbí kí àwọn agbófinró dá wa dúró. Ẹ fún mi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

BàbáÌbejì_Kubwa | Ìṣẹ́gun, 11:52 alẹ́

Mo ti dé.

Ìyá àwọn ọmọ ti sùn. Iná lọ ní aago mẹ́wàá, mi ò tan jẹnẹrétọ̀. Mo jókòó sí bákónì nínú òkùnkùn, mo ki ohun ìgbọ́rin bọ etí, mo sì ṣe ohun tí Bàbá Jọ́ọ̀sì sọ, mi ò dìde.

Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọkàn mi ń retí ìgbà tó máa parí, bẹ́ẹ̀ ni ara wa ṣe rí báyìí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, mi ò retí mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé tẹ́nọ̀ nìkan, bí Gìtá_Lugbe ṣe sọ, mo fi sílẹ̀, mo tẹ̀ lé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, mo fìyẹn náà sílẹ̀, mo tẹ̀ lé gángan. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń bá ẹnì kan níbẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí mi ò sì rí i. Mo rántí àwọn ọmọ tó ṣeré níbi ìsọmọlórúkọ yẹn. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi lù, àwa tá a wà ńbẹ̀ la sọ ọ́ di orin mẹ́ta, torí àwọn nìkan la ń náwó sí.

Ṣé màá yí orin tí mo mú padà? Rárá. "Jigi Jigi Isapa" ni mo mú, òun náà ni mo dúró tì. Inú Odù yẹn, "Eri Okan" tún wà ńbẹ̀ tí mo lè kú lé lórí. Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ jàre. Ojú là bá máa mú. Mo ti fi nọ́ńbà olórí àwọn eléré yẹn pamọ́, màá fi àwo méjèèjì ránṣẹ́ sí i lọ́la.

Àgbà_Jọ́ọ̀sì | Ọjọ́rú, 5:47 àárọ̀

O ṣeun. Fi Live Live Juju kún un fún ẹni tó ń ta tẹ́nọ̀ wọn.

ỌmọSabonGari | Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

Mo fara mọ́ òfin. "Mo Ri Keke Kan", inú Odù. Àmọ́ "Ase" ṣì wà lọ́kàn mi o.

Gìtá_Lugbe | Ọjọ́rú, 12:30 ọ̀sán

Èmi náà ti mú: Bábá Mo Túndé, odindi rẹ̀. Mò ń kọ́ tẹ́nọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti dé ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Tádé_Gwarinpa | Ọjọ́rú, 9:36 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ sà, ẹ kú alẹ́ mà. Mo tan "Jigi Jigi Isapa" ní pálọ̀ lálẹ́ yìí, mo yí i sókè díẹ̀. Ilé ìdáná ni mọ́mì mi wà, wọ́n ń ro àmàlà. Mo gbọ́ tí omorogùn dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbè é láti ibẹ̀, gbogbo ẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n fò. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní àwo yẹn nígbà kan rí. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ó wà nínú àwo. Wọ́n ní ìyá àwọn ló ń kọ ọ́ ní Ṣakí. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti òkè.